Ọmọlangidi tí Kò Rẹ́rìn-ín: Àgbéyẹ̀wò “Smile Time” àti Bí Àwọn Olólùfẹ́ Angel Ṣe Gbà Á

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2004 ni ìkànnì tẹlifíṣọ̀n WB ní Amẹ́ríkà gbé apá kẹrìnlá nínú sáà karùn-ún eré Angel jáde, èyí tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní “Smile Time”. Eré abàmì ni Angel. Ẹ̀jẹ̀, ikú, oògùn àti ànjọ̀nú kò wọ́n nínú rẹ̀, akọni rẹ̀ sì jẹ́ ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ máa ń fà ro bí ojú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, ọkùnrin náà di ọmọlangidi. Kì í ṣe àlá ni ó lá, kò sì sí pé ẹnì kan dá a mọ́ ọn lára ní àwàdà lásán. Aṣọ àti òwú ni ó rọ́pò ẹran ara rẹ̀, imú rẹ̀ di ohun tí ó ṣeé yọ tí ó sì ṣeé lẹ̀ padà, gíga rẹ̀ kò sì tó ìbàdí àgbàlagbà mọ́.

Láti ìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ eré yìí ti ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, wọn kò sì tíì dákẹ́. Bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wọn pé èwo ni wọ́n fẹ́ràn jù nínú apá 110 tí eré náà ní, orúkọ “Smile Time” kì í pẹ́ kí ó tó jáde lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ìdí tí oníkálukú fi fẹ́ràn rẹ̀ yàtọ̀ síra. Àwọn kan sọ pé ẹ̀rín ìkẹyìn ni, ẹ̀rín tí a rí rín kí ìtàn náà tó wọ inú òkùnkùn biribiri. Àwọn kan gbà á gẹ́gẹ́ bí ìsinmi, ohun tí ènìyàn lè yọ sọ́tọ̀ kí ó wò ó láìka ìyókù sí. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí inú wọn kò dùn sí i rárá, tí wọ́n ní wọ́n fi eré ọmọdé ba iyì akọni náà jẹ́. Ní tèmi, mo gbà pé apá yìí dára ju bí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń yìn ín ti ń yìn ín lọ, nítorí pé ìtàn náà kò dúró fún ìṣẹ́jú kan péré nígbà tí a ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ ẹ̀rín náà gan-an ni ẹnì kan ti bu ọwọ́ lu ìwé tí yóò pa ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀ wa ni kò sì fura. Kí ẹni tí kò bá tíì wo sáà karùn-ún dé ìparí mọ̀ pé n kò ní fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ pamọ́ nínú ohun tí mò ń kọ yìí.

Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ eré náà, ara eré Buffy the Vampire Slayer ni Angel ti jáde. Joss Whedon àti David Greenwalt ni ó dá a sílẹ̀, ó sì wà lórí tẹlifíṣọ̀n láti ọdún 1999 títí di ọdún 2004. David Boreanaz ni ó ṣe Angel, ọkùnrin amùjẹ̀ tí ó ti lo ju igba ọdún lọ láyé, tí àwọn kan fi ègún dá ọkàn rẹ̀ padà sí i lára kí ó lè máa jẹ̀rora gbogbo ibi tí ó ti ṣe. Èèwọ̀ wà nínú ègún náà: ní ọjọ́ tí ayọ̀ rẹ̀ bá pé pérépéré, ọkàn náà yóò tún fi í sílẹ̀, yóò sì padà di apànìyàn. Nítorí èyí ni ó fi ń sá fún ìfẹ́, tí ó sì ń rìn bí ẹni tí ó ń gbé ẹyin lọ́wọ́. Ní sáà karùn-ún, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gba àkóso ẹ̀ka Los Angeles ti Wolfram & Hart, iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò tí ó ń gbèjà àwọn ẹni ibi àti àwọn ànjọ̀nú. Èrò wọn ni pé àwọn yóò fi irinṣẹ́ ọ̀tá ṣe rere, sáà náà látòkè délẹ̀ sì ń bi wọ́n léèrè bóyá ohun tí wọ́n rò yẹn ṣeé ṣe.

Kò sí ẹ̀rín nínú bí “Smile Time” ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọdékùnrin kan wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo ètò àwọn ọmọdé tí àwọn ọmọlangidi aláwọ̀ mèremère ti ń kọrin tí wọ́n sì ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Lójijì ni Polo, tí ó jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn, yí ojú sí i láti inú tẹlifíṣọ̀n tí ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ ní tààrà, tí ó ń fa ojú rẹ̀ mọ́ra, tí ó ń sọ fún un pé kí ó sún mọ́ òun kí ó sì fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n náà. Ohùn tí ó fi ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohùn tí ó fi ń kọrin mọ́. Ohùn àgbàlagbà tí ó ń wá nǹkan ni. Kí a tó ṣẹ́jú, ọmọ náà ti ṣubú, ẹ̀rín sì ti gan mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ kí ènìyàn fi ojú sí dáadáa. Eyín yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ojú náà. Òun ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí apá yìí fi hàn wá, ẹni tí ó kọ ọ́ sì ti fi ìyẹn kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rín kankan tí ó bá tẹ̀ lé e.

Ben Edlund ni ó kọ ọ́ tí ó sì tún darí rẹ̀, lórí ìtàn tí òun àti Whedon jọ gbé kalẹ̀. Òun náà ni ó dá The Tick sílẹ̀, ìwé àwòrán alápanilẹ́rìn-ín tí ó di eré tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn náà, nítorí náà kì í ṣe òpè nínú iṣẹ́ mímú ohun tí kò bọ́gbọ́n mu kí a sì ṣe é bí ẹni pé òtítọ́ ni. Ọgbọ́n yìí ni ó gbé apá náà ró. Nígbà tí Angel lọ yọ́ wo ilé tí wọ́n ti ń ṣe ètò àwọn ọmọdé náà, ó já sí yàrá kan tí a fi pamọ́, níbi tí ọkùnrin kan jókòó sí pẹ̀lú aṣọ ìnura lórí. Ohun kan tí ó tóbi bí ẹyin àràmàǹdà wà níbẹ̀, agbára inú rẹ̀ sì tú jáde lù ú, ó gbé e ṣánlẹ̀. Ìgbà tí ó fi máa gbé orí sókè, ó ti di ọmọlangidi.

Ibi tí eré mìíràn ì bá ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di yẹ̀yẹ́ ni tiwọn ti dúró ṣinṣin. Ojú ọmọlangidi náà jọ ti Boreanaz dé ibi tí ó fi ń yani lẹ́nu. Irun orí rẹ̀ nà ró bí ó ti máa ń ṣe, ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo, ìrísí ìbànújẹ́ tí ó ti gbé kiri láti ọdún márùn-ún wá kò kúrò lójú rẹ̀, àfi pé aṣọ ni wọ́n fi rán an báyìí. Boreanaz fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ohùn sí i lẹ́nu, kò sì yí ohùn rẹ̀ padà rárá. Ó ń pàṣẹ bí ó ti ń pàṣẹ. Ó ń bínú bí ó ti ń bínú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara kékeré tí ó wọ̀ ti mú kí ìbínú rẹ̀ máa yára ru sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wò ó, a rí i pé wọ́n ń gbìyànjú kí wọ́n má ṣe rẹ́rìn-ín, òun náà rí i pé wọ́n ń gbìyànjú, àárín ohun méjèèjì yìí sì ni ẹ̀rín tiwa ti ń bú jáde. Kò sí ẹnì kankan nínú eré náà tí ó wo ojú wa tí ó ní ṣé ẹ rí àwàdà tí à ń ṣe yìí.

Ìran tí àwọn olólùfẹ́ eré ń tún wò jù ni èyí tí Spike ti kọ́kọ́ rí i. Amùjẹ̀ ni Spike náà, James Marsters ni ó ṣe é, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí òun àti Angel ti ń bá ara wọn díje bí àwọn orogún. Ó jáde wá, ó rí ohun kúkúrú kan tí ó dúró tí ó ń wò ó pẹ̀lú ojú tí ó mọ̀ dáadáa, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ dùn ju bí a ti í rí i kí inú rẹ̀ dùn lọ. Ẹ fara balẹ̀ wo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, nítorí pé Marsters kò kánjú. Ó jẹ́ kí a rí i bí òye ṣe ń wọlé sí Spike lórí díẹ̀díẹ̀, títí tí ó fi sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé ọmọlangidi ni ọ̀gbẹ́ni yìí. Angel fò mọ́ ọn. Ìjà tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ìjà gidi, wọ́n gbá ara wọn mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ara wọn sọ, ọmọlangidi náà kò sì gbà kí wọ́n rẹ́ òun jẹ nítorí pé òun kéré. Ohun tí mo gbọ́ tí àwọn olólùfẹ́ eré máa ń sọ nípa ìran yìí ni pé ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín dé ibi tí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ìdí tí ó fi pa wá lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ ni pé ìbínú náà kì í ṣe ìbínú àfiṣeré. Ẹni tí ó ti ń fi ojú líle bo ìtìjú rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ká mọ́ ibi tí kò ti ní nǹkan kan tí ó lè fi bo ara mọ́.

Mo ti mẹ́nu ba àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀, ó sì yẹ kí a gbọ́ tiwọn. Wọ́n ní sáà karùn-ún ti kún fún àwàdà ju bí ó ṣe yẹ lọ, pé eré tí ó ti ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ àti ètùtù jà láti ìbẹ̀rẹ̀ kò yẹ kí ó máa fi aṣọ rán akọni rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn rán wa létí pé Buffy ti lo irú ohun báyìí rí ní ọdún 1997, nínú apá tí ó ń jẹ́ “The Puppet Show”, níbi tí ọmọlangidi onígi kan ti ń sọ̀rọ̀ tí ó sì ń rìn fúnra rẹ̀. Ìrántí yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó tún fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì hàn. Ẹ̀rù ni ọmọlangidi ti ọdún 1997 ń dá bà wá kí a tó wá mọ̀ pé ọdẹ tí ń dọdẹ àwọn ànjọ̀nú ni. Àlejò ni nínú ìtàn náà, ó wá, ó sì lọ. Ti Angel kì í ṣe àlejò. Ẹni tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí i bá ìwà rẹ̀ mu, nítorí pé ọkùnrin tí kò jẹ́ kí ara òun gbóná sí nǹkan kan ni wọ́n gba ẹran ara lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àwàdà lásán ni, kí ó tún ìjíròrò Angel àti Wesley, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wò, níbi tí Wesley ti ń ṣàlàyé fún un pé ègún náà sọ̀rọ̀ nípa ayọ̀ tí ó pé, kò sì sọ pé kí ó má ṣe ní ìdùnnú kankan rárá. Ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Ibi tí ìyìn tèmi pọ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ Gregor Framkin àti ti Charles Gunn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Angel, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwọn olólùfẹ́ eré kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ nípa ìjà Spike. Framkin ni ó dá ètò àwọn ọmọdé náà sílẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ń wò ó kò pọ̀ mọ́, ó bá àwọn ànjọ̀nú dá májẹ̀mú kí ètò rẹ̀ lè padà gbilẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀tàn sínú májẹ̀mú náà. Ó di ìgbèkùn wọn. Nínú ìran kan tí ó burú tí ó sì pani lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, a rí i pé ihò wà ní ẹ̀yìn ọkùnrin náà, àwọn ọmọlangidi sì ni ó ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti mú kí ó máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. David Fury ni ó ṣe Framkin, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé àti olóòtú eré Angel fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo mọ ìyẹn, ìran náà tún wúwo sí i lójú mi: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ọ̀rọ̀ sí ẹlòmíràn lẹ́nu ni ó jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sí tirẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ wo Gunn. J. August Richards ni ó ṣe é. Ọmọ ìgboro tí kò kàwé púpọ̀ ni Gunn, iléeṣẹ́ Wolfram & Hart sì ti fi ìmọ̀ òfin sí i lórí nígbà tí sáà karùn-ún bẹ̀rẹ̀, tí ó fi di agbẹjọ́rò tí kò sí irú rẹ̀. Nínú apá yìí, ìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lórí rẹ̀. Ó dúró láàárín àwọn ènìyàn tí ó ń bọ̀wọ̀ fún un, ó ń wá ọ̀rọ̀ tì, ìbẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀ kedere, ìbẹ̀rù ẹni tí ó rò pé bí ìmọ̀ yìí bá lọ, òun náà kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ó gba ọ̀dọ̀ dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ náà lọ. Dókítà ní òun lè mú kí ó wà níbẹ̀ títí láé, ṣùgbọ́n ẹrù kan wà tí ó há sọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, kí Gunn ṣáà bá òun bu ọwọ́ lu ìwé kan kí wọ́n lè tú u sílẹ̀. Bébà lásán ni. Gunn bu ọwọ́ lù ú. Ìran náà kò gùn, orin kò pariwo sí i, a sì padà sí ọ̀dọ̀ ọmọlangidi wa láìpẹ́, ẹ̀rín sì ń bá a lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìran méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Framkin ta ara rẹ̀ nítorí kí ètò rẹ̀ má bàa kú; Gunn ta ohun tí kò tilẹ̀ mọ̀ nítorí kí ó má bàa padà sí ẹni tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Gunn yìí kan náà, lẹ́yìn tí ìmọ̀ ti padà sí i lórí, ni ó wá túdìí àdéhùn Framkin fún àwọn tó kù, tí ó sì ṣàlàyé bí ọkùnrin náà ṣe ṣubú sínú ẹ̀tàn. Gbólóhùn tí ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ń dá a lẹ́bi, kò sì gbọ́. Àwa náà kò gbọ́ nígbà tí a kọ́kọ́ wò ó. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, apá tí ó ń jẹ́ “A Hole in the World” jáde, pósí àtayébáyé tí Gunn fi ìbuwọ́lùwé rẹ̀ tú sílẹ̀ dé ọ́fíìsì wọn, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì pa Fred, obìnrin tí ó wà lára àwọn ọ̀rẹ́ Angel.

Fred, tí Amy Acker ṣe, ni ó jẹ́ kí “Smile Time” máa dunni tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá tún padà wò ó. Òun ni ó fi ọgbọ́n ṣàwárí ohun tí ó fara pamọ́ sábẹ́ ètò tí ó ń pa àwọn ọmọdé lára. Jálẹ̀ apá náà ni ó ń gbìyànjú láti jẹ́ kí Wesley mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, Wesley kò sì rí i, bẹ́ẹ̀ òun kan náà ni ó ń kọ́ Angel bí yóò ṣe mọ̀ pé obìnrin kan ń wo òun. Alexis Denisof, tí ó ṣe Wesley, ṣe ìfọ́jú yìí pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ tí ó mú kí a máa káàánú rẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, Fred kò dúró kí ó yé e mọ́, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Àwọn olólùfẹ́ eré ti ń retí èyí láti sáà kẹta. Ayọ̀ wọn pọ̀, ọ̀sẹ̀ kan péré ni ó sì fi wà lọ́wọ́ wọn. Mo mọ àwọn tí ó sọ pé ìkà ni wọ́n fi ṣe fún wa. N kò rò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi ìbànújẹ́ ṣíwájú ìbànújẹ́, ikú Fred ì bá má wọ̀ wá lára tó bí ó ṣe wọ̀ wá.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó dára níbẹ̀. Nina, obìnrin tí ó máa ń di ìkookò nígbà òṣùpá àrànmọ́jú tí ó sì máa ń wá sí ọ́fíìsì náà kí wọ́n lè tì í mọ́lé ní àwọn alẹ́ yẹn, kò rí àyè tí ó tó. Jenny Mollen ṣe é dáadáa, ìran tí ó ti di ẹranko tí ó sì fi eyín ya Angel tí òwú inú rẹ̀ ń fọ́n káàkiri sì wà lára ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín jù, pàápàá bí ó ṣe jí tí ẹ̀rù sì ń bà á pé òun ti jẹ ọ̀rẹ́ òun. Ṣùgbọ́n a kò mọ̀ ọ́n tó kí a tó ní kí a máa retí pé kí òun àti Angel di olólùfẹ́. Ìfẹ́ Wesley àti Fred ti gbilẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Tiwọn kò ní ju ìran díẹ̀ lọ, nígbà tí wọ́n sì gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, èyí tí kò ní gbòǹgbò hàn kedere. Àwọn kan tún ṣe àríwísí ìjà ìkẹyìn pé ó rorò jù fún apá aláwàdà, tí a ti ń fa àwọn ọmọlangidi ya tí a sì ń fi idà gé wọn. Èyí kò dà mí láàmú rárá. Àwọn ọmọlangidi wọ̀nyẹn ti fi ẹ̀mí àwọn ọmọdé ṣe òwò, ó sì dára kí ìyà tí ó jẹ wọ́n hàn sí wa.

Nǹkan kan tún wà tí ó pinnu bí àwọn ènìyàn ṣe gba apá yìí, kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́. Nínú oṣù Kejì ọdún 2004 kan náà, ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú kí “Smile Time” tó jáde, WB kéde pé àwọn kò ní ṣe sáà kẹfà. Ìròyìn náà dé bá àwọn olólùfẹ́ eré lójijì. Nítorí náà, àwọn tí ó jókòó láti wo ọmọlangidi ní ọjọ́ 18 yẹn jókòó pẹ̀lú ìbànújẹ́ àti ìbínú, ohun tí wọ́n sì bá pàdé ni ìtàn ètò tẹlifíṣọ̀n kan tí iye àwọn tí ń wò ó ti lọ sílẹ̀, tí ẹni tí ó ni ín sì ta ẹ̀mí rẹ̀ kí wọ́n má bàa pa á rẹ́. Wọ́n ti ya apá náà tán kí ìkéde tó wáyé, síbẹ̀ ó nira láti wò ó lọ́sẹ̀ yẹn láìrò ó mọ́ ara wọn. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n fi káàdì ránṣẹ́, wọ́n dá owó jọ fún ìpolówó, wọ́n sì lọ fi ẹsẹ̀ wọn dúró ní Los Angeles láti bẹ ìkànnì náà. Kò yí padà. Apá ìkẹyìn jáde ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún náà.

Ó jọ mí lójú pé apá tí wọ́n ní ó jẹ́ eré ọmọdé wà lára àwọn tí wọ́n yàn láti díje fún àmì ẹ̀yẹ Hugo ní ọdún 2005, pẹ̀lú apá ìkẹyìn eré náà. Kò gbà á. “33” láti inú Battlestar Galactica ni ó gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àpéjọ olólùfẹ́ ìtàn àràmàǹdà fúnra wọn ni ó ń dìbò fún Hugo, nítorí náà ìyànsípò yẹn jẹ́ ẹ̀rí tí ó ṣeé gbára lé nípa bí àwọn tí ó fẹ́ràn irú eré báyìí ṣe gbà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ọmọlangidi Angel jáde fún títà, kí àwọn olólùfẹ́ eré lè gbé e sílé, iléeṣẹ́ IDW sì sọ ìtàn apá yìí di ìwé àwòrán. Wọ́n tilẹ̀ tẹ ìwé mìíràn, tí àwọn ọmọlangidi ti padà wá bá Spike jà.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó ní àkọ́kọ́, ìmọ̀ràn tí mo ní ni pé kí ó má ṣe tẹ̀ lé àwọn tí ń sọ pé ó dá dúró. Yóò rẹ́rìn-ín bí ó bá wò ó nìkan, kò sí iyèméjì, ṣùgbọ́n ọmọlangidi nìkan ni yóò rí. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà karùn-ún, ó kéré tán, kí ó lè mọ ohun tí ìmọ̀ òfin jẹ́ fún Gunn àti ohun tí Fred jẹ́ fún Wesley. Kí ó má sì wo apá tí ó tẹ̀ lé e ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Àwọn tí ó wò ó nígbà tí ó jáde ní ọ̀sẹ̀ kan láàárín méjèèjì, ọ̀sẹ̀ tí Fred àti Wesley fi jọ láyọ̀, ọ̀sẹ̀ náà sì wà lára ohun tí wọ́n gbà nínú eré yìí. Lẹ́yìn tí ó bá ti wo apá kẹẹ̀ẹ́dógún, kí ó padà wá sí “Smile Time”, kí ó sì wo ọwọ́ Gunn nígbà tí ó ń gba bírò.